Òkú Tó Ru Gíramafóònù

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òkú kì í bínú. O lè pín aṣọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, o lè fi àpótí ìjókòó rẹ̀ dáná, o lè sọ pé ẹnu rẹ̀ ń rùn nígbà ayé rẹ̀. Kò ní wí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ba gbogbo Kábà lọ́jọ́ tí Rhoda ọmọ Ọbayẹmí kú. Òkú tirẹ̀ bínú débi pé ewúrẹ́ tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá gbàgbé ọ̀nà ilé ẹni tó ni ín, àkùkọ tó sì la ẹnu láti kọ gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe wà láàyè.

Ọmọ Ayewa ni, nílẹ̀ Bùnù, níbi tí ọmọbìnrin ti ń mọ ìdí òfì kó tó mọ ọ̀nà odò. Aṣọ ìpò ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń ta bo ilé bí ìjòyè tàbí àgbà ńlá bá kú, kí aráyé lè mọ̀ láti òkèèrè pé ẹni ńlá ti lọ. Òwú pupa rẹ̀ kì í ti oko wa wá. Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa òyìnbó ni wọ́n ń rà, irú èyí tí wọ́n fi ń bo aláìsàn lọ́sibítù. Wọ́n á jókòó tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n á tún un ran, wọ́n á sì fi hun aṣọ òkú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú, tó mọ̀ ọ́n hun bíi Rhoda. Wọ́n ní ìjòyè kan ní Kírì gbọ́ pé Rhoda ni yóò hun ìpò òkú òun, inú bàbá náà sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló dì í mú.

Lẹ́yìn ọdún tí wọ́n dé ọba obìnrin ládé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n pín súwíìtì fún àwọn ọmọ iléèwé, Ọlánípẹ̀kun ará Kábà wá fẹ́ ẹ. Akọ̀wé ni Ọlánípẹ̀kun. Péènì méjì ló máa ń kì bọ àpò àyà. Ọ̀kan ní yíǹkì, èkejì wà níbẹ̀ láti bá a kẹ́gbẹ́. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè fún Ọbayẹmí, wọ́n gbé ìyàwó fún un, wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀ṣì yóò tẹ̀lé e bí télọ̀ bá ti rán kóòtù tán. Ó bá ìyàwó gbé títí ẹran ìgbéyàwó fi tán nínú ìkòkò. Bí ẹran ti tán ni iṣẹ́ ìjọba bọ́ sí i lọ́wọ́ ní Kàdúná.

"Bí mo bá ti rí ilé, n ó ránṣẹ́ wá mú ọ," ló wí.

Ó dà bí ẹni pé kò sí ilé kankan ní Kàdúná nígbà náà. Ó dà bí ẹni pé orí igi ni gómìnà gan-an ń sùn. Ọdún kan kọjá, òmíràn gorí rẹ̀, Ọlánípẹ̀kun ṣì ń wá yàrá kan ṣoṣo tí yóò gba òun àti ìyàwó.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni Rhoda wà ní Kábà. Ìyé ni gbogbo agboolé ń pe ìyá náà, bí a ti ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Rhoda pọnmi, Rhoda gúnyán, Rhoda hun ìpò, Ìyé tà á. Èyí tí kò bá tíì tà, inú àpótí ńlá abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń kó o sí, ó sì ń sùn lé e lórí bí adìẹ tó ń sàba.

Nígbà tó yá ni Benjamin, awakọ̀ lọ́rì tó ń ná Kàdúná, gbé gíramafóònù kan dé, òun pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù ẹyọ kan. Gbogbo agboolé yí i ká.

"Ọkọ rẹ ní kí n gbé e fún ọ," Benjamin wí fún Rhoda. "Ó ní nígbàkígbà tóo bá gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, kóo mọ̀ pé ẹnu òun ló ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há níka, nǹkan bíi gòjé sì ń sunkún tẹ̀lé e. Èdè náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe ti àwọn Ẹ̀bìrà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Kábà: ohun tí a kò bá mọ̀, a kì í gbà pé a kò mọ̀ ọ́n. Abraham tó jagun dé Bọ́má ní orin tí wọ́n fi ń jí ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú oorun ni. Isaiah, katikísì ìjọ, di ojú, ó mi orí, ó ní Orin Sólómọ́nì ni, ní èdè Júù gan-an, níbi tí ọkọ ti ń yin ọrùn ìyàwó rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń kọjá gbọ́ orúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà.

Ìyé ló gba orin náà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Ṣé o gbọ́ ibẹ̀ yẹn?" ó wí fún Rhoda. "Ó ní kí ìkòkò omi ìyá òun má gbẹ."

"Ìyé, ẹ gbọ́ èdè náà ni?"

"Ta ló bí i? Ṣé ìyá á wá ògbufọ̀ kó tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀?"

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn rẹ̀, Ìyé. Ẹlòmíràn ló ń kọrin."

"Ẹnu rẹ̀ ni! Àbí Benjamin ò jíṣẹ́ fún ọ?"

Láti ọjọ́ náà ni gíramafóònù ti di ọ̀gá lé Rhoda lórí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, bó bá ní òun fẹ́ lọ wo bàbá òun ní Ayewa, Ìyé á ní kó fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Ohùn á ké. Ìyé á túmọ̀: "Ó ní kóo tètè parí ìpò tó wà lórí òfì." Ohùn á tún ké. "Ó ní ẹ̀gẹ́ ẹ̀bá odò ti tó wú." Gòjé á sunkún. "Ó ní kóo má gbàgbé igi ìdáná." Mo ti gbọ́ orin láyé mi, n ò gbọ́ èyí tó mọ iṣẹ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin kan jókòó ní ìpẹ̀kun ayé, ó ń fi omijé kọrin nítorí igi ìdáná Ìyé Ọlánípẹ̀kun!

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé Rhoda gbà á gbọ́. Ó fẹ́ràn orin náà. Ó fetí sí i títí ó fi mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ọmọ kékeré ṣe ń mọ kátíkísìmù, tí kò mọ ohun tó ń wí. Bó bá ti jókòó sídìí òfì, tó bá ń ti òwú pupa bọ àárín òwú, á máa kọ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ọkọ òun ń yin ọrùn òun.

Ó ń kọ orin yìí náà lọ́jọ́ tó lọ ra búláńkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Elíásì. Kòráà ni Elíásì, bí a ti ń pe àwọn oníṣòwò tó wá láti ilẹ̀ Lẹ́bánónì. Ó ti pẹ́ ní Kábà tó bẹ́ẹ̀ tó ń fi Yorùbá bú ọmọọṣẹ́, tó ń fi Haúsá búra, tó sì ń fi èdè tirẹ̀ ka èrè. Ó ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí Rhoda wọlé, tó ń ṣa búláńkẹ́ẹ̀tì, tó ń kọrin lábẹ́nu. Tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wàláhì! Màdáàmù, ta ló ṣe ọ́ ní ibi tó báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní ibi, ọ̀gá. Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ni mo fẹ́."

"Orin ẹnu rẹ ńkọ́?"

"Orin ọkọ mi ni. Orin ìfẹ́."

Elíásì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà pa dà wọlé.

"Èdè Tọ́kì nìyẹn," ó wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn Tọ́kì ló jọba lé wa lórí nílé. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi ní èdè wọn. Ohun tí wọ́n bá fi ẹgba kọ́ ènìyàn, kì í kúrò lórí. Ra búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ, kóo máa lọ. Má kọ ọ́ mọ́."

"Kí ló ń wí?"

"Máa lọ sílé, màdáàmù."

Rhoda jókòó sórí àpò iyọ̀. "Bí ẹ ò bá sọ fún mi, ibí ni n ó máa gbé. Ẹ ó máa tà mí mọ́ ọjà."

Elíásì nu tíì kúrò lára ṣòkòtò, ó tún un nu nígbà tí kò sí tíì níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kó máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí òun máa túmọ̀. Rhoda kọ, ó túmọ̀.

"Ó ní: máa lọ, má bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn tí o gbà jáde, mo ti kan ìṣó mọ́ ọn."

Rhoda kọ èyí tó tẹ̀lé e.

"Omi tí mo fi ọwọ́ ara mi bù fún ọ, kó di iyọ̀ lọ́fun rẹ. Ibùsùn tí o bá sùn lé, kó hu ẹ̀gún."

Ó kọ òmíràn.

"Àwòrán rẹ, mo ti sun ún. Eérú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gan-an kọ̀ ọ́."

"Ó ku ìparí," Rhoda wí.

"Má kọ ìparí, màdáàmù."

Ó kọ ọ́.

"Bí wọ́n bá béèrè rẹ lọ́wọ́ mi, n ó ní o ti kú. O ti kú lójú mi, n ò sì ní sin ọ́."

Rhoda gbé búláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi eyín fa etí rẹ̀ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ṣọ́ọ̀bù Elíásì dé gáréèjì. Òwú pupa ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ibi tí lọ́rì Benjamin wà ló gbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Benjamin, ẹ̀yin lẹ jíṣẹ́ fún mi pé ẹnu ọkọ mi ni rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ wá sọ ìyókù iṣẹ́ náà."

"Ìyókù wo?"

"Ó ní mo ti kú lójú òun. Ta ló wà láàyè lójú rẹ̀?"

Benjamin bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà, ó wò ó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. "Rhoda, mo bẹ̀ ọ́. Orin lásán ni. Nílé ìtajà kan tó ń ta ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo ni ọkọ rẹ ti rí i. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"N ò béèrè ohun tó mọ̀. Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Táyà náà kò dáhùn. Benjamin ló wá dáhùn. Ó ní Cecilia ni orúkọ obìnrin náà, pé ó ti bímọ kan, èkejì wà lọ́nà. Ó ní òun máa gbé gbogbo wọn wálé fún Kérésì.

"Ìyé mọ̀?"

"Háà, Rhoda."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìyé mọ̀?"

"Ìyé ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi ló fi orúkọ náà rán."

Ẹ̀yin ará, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Obìnrin yìí fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí Kàdúná, ó yíjú pa dà, ó ní gíramafóònù sọ pé kí Rhoda lọ wa ẹ̀gẹ́! Bí irọ́ bá ń yọ ìwo, ìwo Ìyé ì bá ti lu òrùlé jáde, yóò sì máa gún àwọn ẹyẹ lókè.

Rhoda délé, ó tẹ́ ẹní sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó sì ká ọwọ́ lé àyà. Ìyé ti inú ilé ké jáde:

"Rhoda! Omi dà?"

"Òkú kì í pọnmi, Ìyé."

"Kí lo wí?"

"Mo ní òkú kì í pọnmi. Ọmọ yín ló wí pé mo ti kú. Ẹnu rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyé rò pé eré ni. Ó ní kó dìde. Òkú kò dìde. Ó ní iyán kò tíì délẹ̀. Òkú ní òun kì í gúnyán. Ó gbé gíramafóònù, ó yí i, ohùn náà ké, ó sì ní, "Ṣé o gbọ́? Ó ní kí o dìde nílẹ̀!" Àyàfi bí ìgbà tí ó bu epo sí iná. Rhoda dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin náà bó ti rí gan-an, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ohùn rara, tí àwọn tó ń gun òkè bọ̀ láti oko fi sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí omi ti di iyọ̀ lọ́fun, Ìyé di ọ̀fun ara rẹ̀ mú.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìkòkò gbẹ. Iná kú. Ó wá hàn gbangba sí gbogbo agboolé pé obìnrin kan ṣoṣo ló ti ń gbé gbogbo wọn rù. Wọ́n lọ pe Bàbá Ọmọ́níyì, olórí ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyé tó ti kú. Bàbá yìí kò fẹ́ràn ariwo rárá. Bí eṣinṣin bá fò kọjá, á ní kó rọra. Ó jókòó tí òkú.

"Rhoda, ọmọ mi, okun o," ó kí i bí a ti ń kíra nílẹ̀ wa.

"Ẹ okun, Bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú mi."

"Wọn kì í kú láìsí àìsàn."

"Àìsàn mi ti pẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kò béèrè."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Isaiah katikísì. Ó gbọ́ ìtumọ̀ náà, ó ń wò pàkò, ó ní bóyá Orin Sólómọ́nì mìíràn ni. Wọ́n pe Elíásì. Elíásì dé, ó ṣí fìlà, ó sì búra nílànà ẹ̀sìn mẹ́ta pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni orin náà wí. Ìyé fò sókè.

"Ọmọ mi kò gbọ́ Tọ́kì! Kò mọ ohun tó rán!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Rhoda wí láti orí ẹní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń túmọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?"

Ìyé jókòó.

"Bàbá," Rhoda wí, "mo ní ìbéèrè. Bí ìyàwó ilé wa bá kú, níbo là ń gbé e lọ?"

Bàbá Ọmọ́níyì kò fura. Àgbà ni, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bi òun ní àṣà. "Ilé bàbá rẹ̀ ni. Òkú ọmọ ẹlòmíràn kì í sùn sí ilẹ̀ wa."

"Ta ni í ru ú lọ?"

"Àwọn ọmọkùnrin ilé ọkọ."

"Aṣọ tó hun sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń bá a lọ ni. Gbogbo èyí tó bá wà nílé, kò gbọdọ̀ ku ìṣẹ́tí, kí òkú má baà pa dà wá béèrè…" Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ dúró sí. Ó wo Ìyé. Ìyé wo ilẹ̀kùn yàrá tí àpótí wà.

"Ìpò ló wà níbẹ̀!" Ìyé pariwo. "Ìpò kì í ṣe aṣọ obìnrin! Ìjòyè la fi ń sin! Ta ni yóò ta ìpò lé òkú ọmọdé lórí?"

Rhoda dìde jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti kú. Ojú rẹ̀ pọ́n ju òwú lọ.

"Ọwọ́ ta ló hun ún, Ìyé?"

Ìyé fi ìdí wọ́ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Mo bi yín, ọwọ́ ta ló tú u, ọwọ́ ta ló ran án, ẹ̀yìn ta ló tẹ̀ sídìí òfì? Ọwọ́ yìí dára tó láti sin ìjòyè. Ṣé kò dára tó láti sin ẹni tó ni ín?"

Bàbá Ọmọ́níyì nu ojú. Ó wo ìkòkò omi tó gbẹ, ó wo obìnrin tó kú tí kò dákẹ́, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ní kí ó jí, òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn fún ohun tí ilé òun ti ṣe. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ó wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ rẹ̀ ti ní ó kú. Ẹ gbé àpótí jáde."

Nígbà tí wọ́n gbé àpótí kúrò lábẹ́ ibùsùn, ibùsùn Ìyé wọlẹ̀ gbì. Aṣọ ni ó ti ń gbé e dúró láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Báyìí ni a ṣe sin Rhoda. Lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, níbi tí a óò gbà yà sí ilẹ̀ Bùnù, ìlú tó jáde wá wò pọ̀ ju ti ọjọ́ Àjíǹde lọ. Àwọn ọmọkùnrin ilé ọkọ ru àpótí aṣọ, ru òpó òfì, wọ́n ń làágùn. Bàbá Ọmọ́níyì tẹ̀lé wọn, ó ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n sunkún díẹ̀ nítorí ojú ayé. Òkú ló ṣíwájú. Ó ró ìpò pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kúrò lórí òfì, ó ru gíramafóònù, ó sì ń rìn bí dògárì tó fẹ́ lọ mú olè.

A kò tíì dé ibi ìyànà nígbà tí lọ́rì Benjamin yọ láti iwájú, tó kún fún àwọn tó ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Benjamin rí aṣọ pupa, ó tẹ bíréèkì, ó sì sùn mọ́ sítíárì bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lọ́rì kì í bá òkú du ọ̀nà. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Ọlánípẹ̀kun wà lára wọn, nínú kóòtù tuntun, péènì ti di mẹ́ta.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Bàbá," ó wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ta ló kú nílé wa?"

"Ìyàwó rẹ," Bàbá Ọmọ́níyì wí.

Kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ó lu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú eruku, ó ń yí gbirigbiri. "Rhoda! Háà, Rhoda! Ìyàwó àtàtà! Ikú, o ṣe mí léṣe! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé!"

"Dìde," ohùn kan wí lókè orí rẹ̀. "Kóòtù rẹ ń bàjẹ́."

Ó gbójú sókè, ó rí i. Ó fi ìdí fà sẹ́yìn nínú eruku. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú, ti ìjókòó iwájú sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," obìnrin náà wí, "ìyàwó ta ni wọ́n ní ó kú?"

Cecilia nìyẹn. A kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọn kò sọ fún òun náà.

Rhoda gbé gíramafóònù lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rì. Ó yí i. Ohùn náà ké sí àárín igbó, gòjé ń sunkún tẹ̀lé e. Rhoda sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí Isaiah ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fáda lọ́jọ́ ìsìn. Ohùn á wí tirẹ̀, òun á wí ti wa. Ilẹ̀kùn, ìṣó. Omi, iyọ̀. Nígbà tó dé ibi àwòrán tí wọ́n sun, àwọn obìnrin tó wà lára èrò ti ń dáhùn "Àṣẹ!" láìmọ ẹni tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn. Ó túmọ̀ ìparí, ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò.

"Èmi ò mọ̀!" Ọlánípẹ̀kun ké. "Rhoda, mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀! Mo rà á nítorí ó dùn létí ni!"

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Kò pè é ní ẹ. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ìyẹn gan-an ló ń bí mi. O ju òkúta sí mi láìwojú mi, ó bà mí lórí, o wá ní o ò fojú sùn mí. Ọkùnrin inú àwo yìí, ó bínú sí ẹni tó fi í sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbogbo ara ké. Ẹnìkan jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ìwọ, o ò tilẹ̀ bínú sí mi. O kàn fi mí sílẹ̀ bí agboòrùn tí òjò ti dá."

"Jẹ́ ká délé ká sọ ọ́."

"Ilé wo? Tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí?"

Àwọn èrò hó yèè. Ọlánípẹ̀kun fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kò bọ́ sí i.

"O ní ẹnu rẹ ni," Rhoda wí. "Irọ́ ni. Ẹnu mi ni. Èmi tí mo jókòó, tí mo ń kọ ọ́ láìmọ̀, èmi ni mo ti ń kọ ọ́ sí ọ láti ọjọ́ yìí wá. Gba ẹ̀rọ rẹ. N ò lò ó mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, mo sì ti wá mọ ohun tó wí."

Ó yí pa dà, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n Cecilia pè é.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀." Ó gbé ọmọ sọ sókè lẹ́yìn. "Ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀ yẹn. Ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa."

Rhoda wò ó. Ó wo ọmọ. Ó tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń so òwú tó já. Cecilia ń tún un wí lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára Ọlánípẹ̀kun ní gbogbo ìgbà náà. Mi ò rí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ̀rù omi sì ń bà tó bẹ́ẹ̀, bí ọkùnrin náà.

A dé Ayewa nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ọbayẹmí, bàbá Rhoda, ń to iṣu lẹ́bàá àká. Ó rí àwọn tó ru ẹrù, ó rí ìpò, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú ìpò. Bàbá Ọmọ́níyì wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí a ti ń sọ ọ́ bí a bá gbé òkú ìyàwó pa dà fún àwọn tó ni ín.

"Ẹ fún wa ní ọmọ, a kò lè tọ́jú rẹ̀. A gbé e wá."

Ọbayẹmí kò béèrè bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ wèrè ni. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí bàbá òkú gbọdọ̀ bi ilé ọkọ, ìbéèrè tí wọn kò gbọdọ̀ lọ láìdáhùn.

"Kí ló pa ọmọ mi?"

Àwọn ọmọkùnrin ilé ọkọ wo ẹsẹ̀. Bàbá Ọmọ́níyì, tó mọ gbogbo àṣà, wá ìdáhùn lọ sí apá ọ̀tún, ó wá a lọ sí apá òsì.

"Ìdúró ni," Rhoda wí. "Ìdúró ló pa mí, Bàbá."

Ọbayẹmí mi orí. "Ẹ lọ sọ nílé pé a gba òkú wa, ó pé, aṣọ rẹ̀ náà pé." Ó gba òpó òfì lọ́wọ́ wọn. "Ìwọ, ebi ń pa ọ́?"

"Ó ń pa mí gan-an."

"Wọlé."

Òkú wọlé, ó jẹ iṣu àti epo, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ẹ̀gún wà nínú rẹ̀, tó sì ń fi eyín wá a. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó jáde sí gbangba pẹ̀lú ìpò ní ìbàdí, ó ní kí wọ́n wá sọ ibi tí òun lè ri òpó òfì òun mọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú.